Fáànù Márùn-ún Lẹ́nu Kan Ṣoṣo

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń di ẹrú ìtìjú nínú ilé tó ń fi owó ara rẹ̀ gbà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Adébíyì ará Kubwa.

Ọkùnrin náà kì í ṣe òpònú. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó ti kọ lẹ́tà tí ọ̀gá àgbà pátápátá fọwọ́ sí láìyọ àmì kan kúrò níbẹ̀. Ó sì mọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, pé ọmọ òun ló tọ̀nà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ká ní kò mọ̀ ni, à bá ní àìmọ̀kan ló ṣe é, à bá sì bá a kẹ́dùn.

Mofìyìnfólúwa ni orúkọ ọmọ náà, òun nìkan ni Adébíyì àti Beatrice ìyàwó rẹ̀ bí. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó kàwé nípa yíya àwòrán ilé, ó ṣe agùnbánirọ̀ ní Kebbi, ó padà wálé, kò ríṣẹ́. Àmọ́ kò káwọ́ gbera. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń kó kọ̀ǹpútà wálé ní ẹyọ-ẹyọ, bí ẹyẹ ṣe ń ṣa koríko ìtẹ́. Oṣù yìí, páwà tó ń pín iná fún un. Oṣù tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀dù tí gbogbo nǹkan yòókù ń jókòó lé. Orí tábìlì ìjẹun ìyá rẹ̀ ló ti tò ó, òun àti síkúrúdíráfà kan ṣoṣo. Bí Adébíyì bá ti ibi iṣẹ́ dé, igun tábìlì ló ti ń jẹun, á máa ṣọ́ra kí ọbẹ̀ má tó sára wáyà. Kò ráhùn rí. Inú rẹ̀ ń dùn sí i, ó kàn jẹ́ pé kò sọ ọ́ jáde.

Ohun tí ọmọ náà ń lé nìyí. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Nairobi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fíìmù ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́, tí ènìyàn á máa wò ó bí ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ tó bá mọ iṣẹ́ náà fi fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́ta ránṣẹ́. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n máa mú, fún ọdún méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí aago méjìlá ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2016, tó lù. Wọn kò sì ní gba ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Oṣù kẹfà ni Mofìyìn máa pé é. Kò sí pé bó bá bọ́ lọ́dún yìí, á di àmọ́dún.

Ilé tó yà kì í sì í ṣe ilé àjèjì. Adébíyì ní ilẹ̀ kan ní Kabusa. Ó kọ́lé débi lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì lórí rẹ̀, owó tán, ilé dúró. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ewúrẹ́ ti ń sùn nínú pálọ̀ rẹ̀. Mofìyìn ń bá bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó mọ ibi tí wọ́n ní ilé ìdáná máa wà, ó mọ igi gúáfà tí ìyá rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé. Ilé yẹn ló bá bàbá rẹ̀ parí nínú kọ̀ǹpútà.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, àwòrán tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni. Kọ̀ǹpútà náà ní láti yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin gbáko láìsinmi, ooru ara rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti lo oṣù kẹta rí ní Abuja mọ̀ pé ooru tìta nìkan ti tó ènìyàn í bá jà. Ìdí nìyẹn tí Mofìyìn fi to fáànù kéékèèké márùn-ún sínú rẹ̀. Méjì níwájú ń fa atẹ́gùn wọlé, méjì lókè àti ọ̀kan lẹ́yìn ń lé ooru jáde. Kò so wọ́n mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó ra àpótí pẹlẹbẹ kan tó ń gba iná tààrà láti inú páwà, ó so márààrún mọ́ ọn, kí bọ́ọ̀dù má baà ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dán an wò ní Sátidé fún wákàtí mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà náà kò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Injiníà dé.

Thomas Akínlabí lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀? Ọmọ ìlú Adébíyì ni ní Ẹ̀kìtì, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Abuja. Galadimawa ló kọ́lé sí, nítorí náà Dádì Galadimawa ni Mofìyìn ń pè é láti kékeré. Òun ló mú Adébíyì wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1989. Lọ́dún tí wọ́n sì ń já òṣìṣẹ́ sílẹ̀ bí èso igi, òun ló lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń kọ orúkọ, tí kò dìde títí wọ́n fi yọ orúkọ Adébíyì kúrò. Adébíyì kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kó má sọ ìtàn yìí fún ẹnìkan. Á ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ti dúpẹ́ náà títí, ọpẹ́ ti gun orí rẹ̀ jókòó.

Injiníà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ká sọ òótọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, àwọn ilé gogoro tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbádùn atẹ́gùn nínú wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni kò tú rí. Àmọ́ nígbà tí ènìyàn bá ti jẹ́ ọ̀gá fún ọgbọ̀n ọdún, ta ni yóò sọ fún un pé ohun kan wà tí kò mọ̀?

Ó rí kọ̀ǹpútà náà lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí lèyí ń ṣe?"

"Ó ń lé ooru jáde ni sà," Mofìyìn dáhùn.

"Síta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Kai." Injiníà wo Adébíyì, ó rẹ́rìn-ín. "Bíyì, ta ló ń ra fáànù kó máa fẹ́ ìta? Ṣé ìta ló sọ pé ooru ń mú òun?"

Adébíyì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn nítòótọ́, ká má parọ́. Injiníà bá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ní kí dẹ́rẹ́bà gbé páálí kan wá nínú búùtù. Fáànù ńlá márùn-ún ló wà níbẹ̀, irin ni ara wọn, wọ́n wúwo. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kan tí wọ́n tú dànù níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti kó wọn kó tó fẹ̀yìn tì.

"Fáànù gidi nìyí. Ìwọ̀nyẹn, ohun ìṣeré ni. Ẹ̀bùn mi fún ọ nìyí, Mofìyìn, kí iṣẹ́ ẹ lè yọrí."

Wákàtí méjì ló fi jókòó ti tábìlì náà. Ó yọ fáànù Mofìyìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ àpótí pẹlẹbẹ náà pẹ̀lú, ó ní wáyà ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó fi tirẹ̀ rọ́pò wọn, ó dojú gbogbo wọn kọ inú. Ó bó wáyà márààrún, ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi téèpù dúdú dì wọ́n. Ó ṣe é mọ́ tónítóní, ó gún régé, wàá rò pé irun ọmọ ló dì. Ó wá ki gbogbo rẹ̀ bọ ẹnu kan ṣoṣo lára bọ́ọ̀dù, ẹnu tí wọ́n ṣe fún fáànù kan.

Mofìyìn ti ń wo ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn fáànù náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wọlé. Ó rọra kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Dádì Galadimawa, ẹ jọ̀ọ́ sà. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ìdá méje nínú mẹ́wàá áńpíà ni fáànù kan ń jẹ. Márùn-ún máa jẹ mẹ́ta àbọ̀. Ẹnu tẹ́ ẹ so wọ́n mọ́ yẹn, áńpíà kan péré ló lè fún wọn. Á jóná, sà."

 Adébíyì ni Injiníà yíjú sí. "Bíyì, ọmọ ẹ ń ka ara fáànù fún mi." Ó sì tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò dé ojú. "Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́."

Adébíyì mọ ìṣirò. Ìdá méje lọ́nà márùn-ún, mẹ́ta àbọ̀ ni, ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ á rí i. Ó wo ẹnu kékeré tó wà lára bọ́ọ̀dù náà, ó wo okùn wáyà tó ki bí ìka ọwọ́ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ó rí i. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Injiníà, ohun tó rí nínú bọ́ọ̀dù sì fò lọ.

"Mofìyìn, pa ẹnu ẹ mọ́," ó ní. "Nígbà tí wọ́n ń fi amúlétutù sí gbogbo ìlú yìí, ṣé wọ́n ti bí ẹ? Ẹ má bínú sà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, Gúgù ló wò wọ́n dàgbà."

"Ẹ má bínú sà," Mofìyìn náà wí. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Injiníà dárí jì í. Ó jẹ iyán, ó mu omi, ó ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago márùn-ún, òun á mú ẹni méjì wá nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ ìlú wọn ń ṣe. Wọ́n sìn ín dé ìdí mọ́tò.

Nígbà tí Adébíyì padà wọlé, síkúrúdíráfà ti wà lọ́wọ́ Mofìyìn.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ dá a padà bó ṣe wà, Dádì. Kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ."

"Wọ́n ń bọ̀ ní Ọjọ́rú."

"Mo mọ̀, Dádì. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Bí mi ò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kò ní parí."

"Bẹ̀rẹ̀ ẹ, ṣé mo ní kó o má bẹ̀rẹ̀ ni? Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá wo ibẹ̀ tán ní Ọjọ́rú, kó o tú u bó ṣe wù ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dé síwájú èèyàn kí wọ́n bá a pé a ti tú iṣẹ́ ọwọ́ wọn dànù, a ti kó ẹ̀bùn wọn sínú páálí?"

Mofìyìn kò gbé síkúrúdíráfà náà sílẹ̀. Ìyẹn ni Adébíyì fi ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti ń tọ́mọ. Ó ṣí fìlà. Ó mú un lọ́wọ́ méjèèjì, orí rẹ̀ tó ti ń pá ń dán lábẹ́ iná, ó sì tẹrí ba díẹ̀ níwájú ọmọ tó bí.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ó ní.

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí bàbá bá pàṣẹ, ọmọ lè bẹ̀bẹ̀, ó lè sunkún, ó lè fi ẹlòmíràn bẹ̀ ẹ́. Bí bàbá bá ṣí fìlà fún ọmọ, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ọmọ tó bá tún jiyàn lẹ́yìn èyí, aráyé ò ní bi í léèrè ẹjọ́ tó ní. Adébíyì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ṣí i nìyẹn.

Beatrice ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọrogùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dádì Mofìyìn, ẹ dé fìlà yín," ó ní. "Ọmọ yín nìyẹn, kì í ṣe ọ̀gá yín. Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan lónìí."

Adébíyì kò wò ó. Mofìyìn gbé síkúrúdíráfà náà sórí tábìlì, ó rọra gbé e bí ohun tó lè fọ́.

"Ó ti yé mi, Dádì," ó ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fáànù irin márààrún ń ké, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé láti ìhà gbogbo, kò sì sí èyí tó ń lé nǹkan kan jáde. Ooru tó wà nínú ibẹ̀ kò ríbi gbà, ó kàn ń yí po. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Adébíyì wà ní ọ́fíìsì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Dádì, ó ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fọwọ́ kan ẹnu tí wọ́n so fáànù mọ́, ó jó mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n tú u. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Dádì. Bí mo bá tú u báyìí, mo ṣì lè parí lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó gbọ́ bí ohùn ọmọ náà ṣe ń gbọ̀n. Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ọjọ́rú, ọ̀la ni. Ó rò ó pé ohun tó ti fara da á fún ọjọ́ kan àtààbọ̀ á fara dà á fún ọjọ́ kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ojo ènìyàn ṣe ń ṣírò.

"Ṣílẹ̀kùn, ṣí fèrèsé," ó ní. "Gbé fáànù onídúró yàrá wa wá síwájú ẹ̀. Ó ku ọ̀la."

"Ẹ ṣé, Dádì," ọmọ náà wí, ó sì pa fóònù.

Ní Ọjọ́rú, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kó lè tètè délé gba àlejò. Ó ra ẹran sísun àti mínírà lójú ọ̀nà. Aago mẹ́rin àbọ̀ ti lù nígbà tó ṣílẹ̀kùn, òórùn náà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, òórùn ike tó jó mọ́ irin. Fáànù irin kankan ò ké mọ́. Mofìyìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀ ní ṣíṣí. Beatrice jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ní ibi tí ẹnu kékeré yẹn wà lára bọ́ọ̀dù, ojú dúdú kan ti là síbẹ̀, ó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ àtijọ́. Téèpù Injiníà kò tú. Ó ṣì gún régé.

Adébíyì bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ṣé kò ṣeé tún ṣe?"

"Bọ́ọ̀dù ti kú, Dádì."

"Iṣẹ́ tó ti ṣe ńkọ́?"

"Ó wà nínú díìsìkì, ìyẹn ò jóná. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì."

"Gbé e lọ sí ibòmíì kí wọ́n bá ọ ṣe ìyókù."

"Mo ti pe gbogbo àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ńlá ní Abuja. Èyí tó lágbára jù lọ́dọ̀ wọn máa lo ọjọ́ mọ́kànlá." Kò gbóhùn sókè. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti ṣírò rẹ̀ tán kí bàbá rẹ̀ tó dé. "Bọ́ọ̀dù irú ẹ̀ wà ní Èkó. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lónìí, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa dé. Iṣẹ́ tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ méjì. Ọjọ́ Àìkú ló máa parí."

Adébíyì fi ẹran sísun náà sórí tábìlì. Ojú tì í débi pé ara rẹ̀ ń yún un. Ó fẹ́ sọ pé òun ni òun fà á, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀, ó ń wá bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń wá a ni fèrè mọ́tò ti dún ní géètì. Aago márùn-ún kò tíì lù. Injiníà kì í pẹ́ dé ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ yìn ín.

Ó wọlé pẹ̀lú àgbàlagbà méjì, wọ́n wọ aṣọ funfun. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó fa imú.

"Kí ló ń jó?"

Mofìyìn dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó tún dìde, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Injiníà lọ síbi kọ̀ǹpútà náà, ó bẹ̀rẹ̀. Adébíyì ń wo ojú rẹ̀. Ó rí i bí ojú náà ṣe tẹ̀ lé okùn wáyà dúdú yẹn títí dé ìdí, ó rí i bó ṣe dúró lórí ojú dúdú tó wà lára bọ́ọ̀dù, tó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ti ń so wáyà fún ogójì ọdún, ṣé ó nílò kí wọ́n ka ibi tó jó fún un? Ó mọ̀. Adébíyì rí i pé ó mọ̀.

Injiníà nàró. "Iná ni," ó ní. "Iná tí wọ́n ń fún wa yìí, bó bá lọ, tó bá padà dé, ó máa ń fi agbára dé. Bíyì, ṣé iná ò lọ kó padà dé lójijì lónìí?"

Iná kò lọ. Látàárọ̀ ni iná ti wà ní Kubwa, àjèjì ọ̀rọ̀ ni, gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́. Mofìyìn tún ra bátìrì kan tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bátìrì náà wà lábẹ́ tábìlì níbẹ̀, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Adébíyì rí i. Àgbàlagbà méjì náà ń wò ó. Beatrice ń wò ó. Mofìyìn náà ń wò ó, kò ya ẹnu, kò fajú ro, ó kàn ń dúró de ohun tí bàbá rẹ̀ máa sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," Adébíyì wí. "Ó lọ, ó tún dé."

Beatrice dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mo ti mọ̀," Injiníà wí. Ó gbá Mofìyìn léjìká. "Má banú jẹ́, ọmọ mi. Nǹkan ayé ni. Mo lẹ́nìkan ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n ń wá ẹni tó máa máa to fáìlì. Mú sábúkéètì ẹ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá ẹ náà, bí mo ṣe mú un wọlé nìyẹn."

Adébíyì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, "Mofìyìn, o ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì Galadimawa?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an ni sà," ó ní.

Wọ́n jẹ ẹran sísun náà. Wọ́n mu mínírà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà yin bí téèpù yẹn ṣe gún.

Ọjọ́bọ̀ kọjá, ọjọ́ Ẹtì kọjá. Mofìyìn ń ṣiṣẹ́ ilé, ó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é, ó ń jẹun. Ìyẹn gan-an ló ń pa Adébíyì. Ká ní ó sunkún ni, ká ní ó ti ilẹ̀kùn pàá, ì bá rí nǹkan bá a wí lé lórí.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago mọ́kànlá àbọ̀ kọjá díẹ̀, ó jáde sí pálọ̀, ó bá Mofìyìn nídìí tábìlì. Ó ti fi ìwé ìròyìn wé fáànù irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn padà sínú páálí tí wọ́n bá wá. Adébíyì jókòó. Ó ní kó jẹ́ kí òun wo fíìmù náà.

Mofìyìn gbé kọ̀ǹpútà kékeré ìyá rẹ̀ wá, ó ki díìsìkì náà bọ̀ ọ́. Géètì Kabusa ló kọ́kọ́ yọ, wọ́n ti kùn ún. Ó ṣí. Igi gúáfà náà rèé, òjìji rẹ̀ wà nílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń wà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àga kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé ìròyìn wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó wọ pálọ̀ níbi tí ewúrẹ́ ń sùn, ó tutù, ó mọ́lẹ̀, ògiri rẹ̀ kọjá lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, ó dé òrùlé. Ó lọ síhà ilé ìdáná. Ó dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn láti inú rẹ̀ wá sórí ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dúdú. Ó tán.

"Kí ló wà níwájú?" Adébíyì béèrè.

"Ilé ìdáná Mọ́mì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ ti fẹ̀yìn tì."

Aago ara ògiri ń lọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí ó di méjìlá. Omi lé sí Adébíyì lójú, kò sì nù ún. Ó mọ̀ báyìí pé ilé kan náà ni òun dá dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, owó ni kò sí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, kì bá ti ná an ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àti gbólóhùn kan.

Ó dìde. Ó ṣí fìlà, ó mú un lọ́wọ́ méjèèjì.

"Mofìyìn, mo mọ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti mọ̀ pé ìwọ lo tọ̀nà. Iná ò sì lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Kò bínú, ká sọ ti Ọlọ́run. Ó dà bí ẹni tó rẹ̀ gidi.

"Ẹ dé fìlà yín, sà," ó ní. "Ẹ ti ṣí i fún mi lẹ́ẹ̀kan."

Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, Dádì ló ń pè é. Sà ni ti Injiníà, àti ti gbogbo àwọn àgbàlagbà tó ń wá sílé. Adébíyì dúró síbẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń fi téèpù dí ẹnu páálí náà. Nígbà tó parí, ó béèrè bóyá kí òun gbé e lọ sí Galadimawa, kí òun lè mú sábúkéètì òun dání lẹ́ẹ̀kan náà, àbí dẹ́rẹ́bà á wá gbà á.

Adébíyì ní kó gbé e lọ. Ó sì dé fìlà rẹ̀ padà.